Bí Mo Ṣe Ba Ẹ́ńjìnnì Pijó Mi Jẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún 33 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Bí mo bá ní kí n ka iye ọmọ tí mo ti fi pàṣán nà nítorí pé wọ́n purọ́, tàbí nítorí pé wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn fúnra wọn dá, ilẹ̀ yóò ṣú bá mi lórí rẹ̀. Nítorí náà ni ìtàn yìí kò fi rọrùn fún mi láti sọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi ni, ó sì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ yóò rí nǹkan mú lọ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, ẹ ṣáà bá mi jókòó.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Pijó, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tí à ń pè ní sítéṣọ̀n. Ọdún 1968 ni àwọn ará Faransé kọ́kọ́ gbé 504 jáde, nígbà tí ó sì di ọdún 1975, ilé iṣẹ́ tí ń to Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná nílẹ̀ wa níbí. Ẹni tí ó bá dàgbà tó mi yóò rántí pé láyé ìgbà náà, bí o bá rí Pijó níwájú ilé ẹnìkan, o kò ní béèrè irú ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ mọ́: bí kò bá ṣe ọ̀gá ilé ìwé, a jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà ni. Èmi kò ra tuntun o. Àlòkù ni mo rà ní ọdún 1991 lọ́wọ́ oníṣòwò kòkó kan ní Ìbàdàn, mo sì fi ọdún méjì gbáko san owó rẹ̀ tán.

Àwọn ọmọ mi ti sọ ọ́ títí pé kí n tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Wọ́n ní ó ti di nǹkan ayé àtijọ́. Mo ní èmi náà ti di ará ayé àtijọ́, ṣé wọn yóò tà mí ni? Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìfẹ́ ọkọ̀ nìkan ni n kò ṣe tà á. Ìyá àwọn ọmọ mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, láti ìgbà tí mo sì ti fẹ̀yìntì ni mo ti di dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Pijó yìí ni a fi ń lọ kó èlùbọ́ láti Ọ̀yọ́. Owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ bí ó ṣe ń rìn. Bí ó bá wù ú ni í dé. Èrè orí èlùbọ́ ni a fi ń san owó ilé ìwé àbígbẹ̀yìn wa tí ó wà ní yunifásítì nígbà náà. Ọjọ́ tí Pijó kò bá jáde, ọjọ́ náà kò sí èrè.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kejì ọdún náà, a ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ pẹ̀lú àpò èlùbọ́ mẹ́fà. Oòrùn mú gan-an. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ìlóra ni mo rí i pé abẹ́rẹ́ tí ó máa ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti ń gun òkè. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, kí ni ń rùn yìí?"

Mo ní bóyá wọ́n ń sun igbó ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni.

Ó ní, "Kì í ṣe òórùn igbó nìyí. Ẹ jẹ́ kí á dúró."

Mo ní, "Jẹ́ kí á dé Fìdítì ná."

Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Fìdítì? Kò sí nǹkan kan. Agídí ọkùnrin tí ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ni. Kí á tó dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ ti wọ ibi pupa, ọkọ̀ kò lágbára mọ́, èéfín funfun sì ń rú jáde lẹ́yìn wa bí ẹni pé à ń yan ẹja nínú ọkọ̀. Ìgbà tí kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe mọ́ ni mo tó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Bí mo bá pa á, tí mo sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù fún wákàtí kan, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ojú ń kán mi. Mo gba gálọ́ọ̀nù omi tútù kan lọ́wọ́ obìnrin tí ń ta ọsàn, mo fi àkísà di ìderí ràdíétọ̀ mú, mo ṣí i. Omi gbígbóná ta sókè, Ọlọ́run ni ó yọ ojú mi. Bí ó ti rọlẹ̀, mo da gbogbo omi tútù náà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí nǹkan dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, bí ìgbà tí ènìyàn bu omi sí ìkòkò amọ̀ tí ó ti gbẹ sórí iná. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ mélòó kan pé nǹkan gbígbóná a máa fẹ̀, nǹkan tútù a sì máa sún kì!

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó fà wá wọ Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀gá mẹkáníìkì wa kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń tọ́jú Pijó yìí fún mi. Ó fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi hàn mí. Ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó dúdú ti di bí tíì tí a da mílíìkì sí.

"Tíṣà," ó ní, "omi ti wọnú ọ́ìlì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ti jóná. Ẹ gbàdúrà kí tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ má ti là."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó sọ fún mi fún yín, nítorí owó ni mo fi kọ́ ọ. Ara ẹ́ńjìnnì Pijó yìí, irin dúdú líle ni. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù, alumíníọ́mù ni, irú irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ìsebẹ̀ òde òní. Alumíníọ́mù a máa fẹ̀ ju irin dúdú lọ bí ooru bá mú un, bí ooru náà bá sì pọ̀ jù, a tẹ̀ bí pákó tútù tí a sá sí oòrùn. Láàárín orí àti ara yìí ni gásíkẹ́ẹ̀tì wà, ó rí pẹlẹbẹ bí páálí, ó sì lu ihò-ihò. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi ewé dí ẹnu ìkòkò kí wọ́n tó dé ìderí lé e ti mọ iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ti ẹ́ńjìnnì le ju ti ìkòkò lọ, nítorí iná ń gba ibẹ̀ kọjá, omi ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ́ìlì náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni kò jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fojú kan ara wọn. Bí ó bá jóná, iná a wọ ibi omi, omi a wọ ibi ọ́ìlì, ọkọ̀ a sì dúró sójú ọ̀nà.

Kí ni ó fa gbogbo rẹ̀? Nǹkan tí kò tó orí ìka. Fáànù Pijó yìí kì í yí ní gbogbo ìgbà bí ti àwọn ọkọ̀ mìíràn. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, iná bátìrì ni í mú un kí ó máa yí. Bí omi bá tutù, iná a tú u sílẹ̀. Èédú kékeré kan ni iná náà ń gbà dé ara fáànù, èédú tèmi sì ti jẹ tán. Fáànù dúró gbọnin, èmi ń sáré lọ. Mẹkáníìkì púpọ̀ ti yọ ọ̀nà yìí kúrò nínú Pijó àwọn oníbàárà wọn, wọ́n so fáànù pa kí ó máa yí títí. Ọ̀gá wa kò fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kò fara mọ́ àwọn tí ń yọ tẹ́mósítátì dànù pé ilẹ̀ wa gbóná. Ó ní ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì kì í ṣe òmùgọ̀. Èmi kò dá sí ìjà àwọn mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé bí mo bá ti ń wo èédú yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n kì bá tí ní ìtàn tí mo ń sọ yìí.

Wọ́n tú tọ́ọ̀pù. Wọn kò kàn gbé e sókè ṣáá. Ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi irin méjì bọ ihò bọ́ọ̀tì, wọ́n mì í sí ọ̀tún, wọ́n mì í sí òsì, títí ó fi jáwọ́. Ọ̀gá béèrè irin gígùn tí ó tọ́. Mo sáré mú rúlà irin mi wá nílé, èyí tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ó gbé rúlà náà dúró lórí ojú tọ́ọ̀pù, ó tan iná tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. A rí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń yọ lábẹ́ rúlà ní àárín. Tọ́ọ̀pù ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n kò là, mo sì dúpẹ́.

Ní Géètì, níbi tí àwọn tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ wà ní Ìbàdàn, ni a ti ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọ̀kan wà tí wọ́n ní kí á mú ₦2,000 wá fún, páálí rẹ̀ ń dán bí aṣọ ọdún. Ọ̀gá fi èékánná fa òrùka irin tí ó yí ojú ihò iná ká, ó sì ṣí wúyẹ́. Ó dá a padà fún wọn láìsọ̀rọ̀. Èyí tí a rà, ₦5,000 ni, páálí rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n èékánná kò ràn án. A gbé tọ́ọ̀pù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin, kí wọ́n fá ojú rẹ̀ kí ó tẹ́jú padà. Ọ̀gá kìlọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta pé díẹ̀ ni o. Bí wọ́n bá fá a jù, àyè tí iná ti ń jó yóò kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa kanlẹ̀ kò-kò-kò bí ó bá gun òkè.

Ní ọjọ́ kejì ni ọ̀gá lọ gbé tọ́ọ̀pù náà. Kí ó tó lọ, ó dúró níwájú ọkọ̀, ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì yìí o." Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Èmi jókòó sórí táyà, mo ń ka ìwé ìròyìn.

Ọmọ náà tó nǹkan bí ọmọ ọdún 16. Ó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́. Ó ń fi abẹ họ àjókù gásíkẹ́ẹ̀tì kúrò lójú irin, ó rọra ń ṣe é bí ẹni tí ń fá orí ọmọ tuntun. Mo dìde, mo lọ wo inú ẹ́ńjìnnì. Písítìnì mẹ́rin: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyí wá ni mo ti ń ya písítìnì sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì, tí mo ń fi ẹfun fa ọfà sókè àti sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fojú mi rí i kí ó lọ kí ó sì bọ̀ rí. Sípánà ńlá wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yí i wà níwájú ẹ́ńjìnnì. Mo mú sípánà.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ní kí á má yí i o."

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ? Kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni mo ti mọ ohun tí ń jẹ́ písítìnì."

Irọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí àgbà bá fẹ́ ṣe ohun tí kò tọ́, ọjọ́ orí ni ó máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú. Mo yí i. Àwọn méjì lọ sísàlẹ̀, àwọn méjì gòkè wá. Mo tún yí i. Ó dùn mọ́ mi nínú bí ọmọdé. N kò gbọ́ ariwo kankan, n kò rí ohun tí ó bàjẹ́. Mo fi sípánà sílẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo ní, "Kò sí ìdí tí a ó fi yọ ọ̀gá rẹ lẹ́nu pẹ̀lú èyí."

Ó ní, "Ó dáa, sà."

Ọ̀gá dé, wọ́n to gbogbo rẹ̀ padà. Àárín ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù, ó ń bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì di ẹyọ kan pa lẹ́ẹ̀kan. Ó yípo wọn lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú sípánà kan tí ó ní ojú bí aago, tí ó ń sọ bí ọwọ́ ṣe le tó. Ó fi èédú tuntun sí fáànù. A da ọ́ìlì tuntun sí i. Ó jí lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ tutù. Mo wà á lọ sílé, ìyá àwọn ọmọ gbé agbada kalẹ̀, ó jó yí i ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa irin ọ́ìlì yọ. Tíì onímílíìkì.

N kò lè jẹun. Mo rọra wà á padà lọ. Ọ̀gá wò ó, kò bínú. Ó kọ́kọ́ rò pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni kò dára. Ó ṣí ràdíétọ̀, ó ní kí ọmọ tan ẹ́ńjìnnì, ó sì ń wo omi. Omi kò hó, kò yọ ìfófòó. Ó lọ wo ẹ̀yìn, èéfín funfun kò sí. Ó dúró, ó ń ronú. Ó wá sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé ara rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, pé bí ó bá jẹ́ ti òkè ni, afẹ́fẹ́ iná ìbá máa wọnú omi, omi ìbá sì máa hó. Omi yìí, ìsàlẹ̀ ni ó ń gbà.

Ó yíjú sí ọmọ náà. "Ta ni ó yí ẹ́ńjìnnì yìí nígbà tí mo lọ sí Géètì?"

Ọmọ náà wò mí. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan, kò tilẹ̀ pẹ́ tó kí ènìyàn ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

"Mo ń bá ọ sọ̀rọ̀! Ìwọ ni o yí i, àbí?"

Kò dáhùn. Ọ̀gá ní kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ó máa lọ bá ìyá rẹ̀, pé òun kò lè kọ́ ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ní iṣẹ́ tí ń fi owó olówó ṣòfò. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni ó kù kí ọmọ náà gba fírídọ́ọ̀mù. Ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àpótí sípánà.

Èmi ńkọ́? Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń so okùn bàtà mi. Okùn náà kò tú.

Ọ̀gá bẹ̀ mí. Òun ni ó ń bẹ̀ mí! Ó ní òun ni yóò san owó gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn láti inú àpò òun, nítorí ọmọ iṣẹ́ òun ni ó bà á jẹ́. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ibi tí písítìnì ti ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú Pijó kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Sílíìfù ni, mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n rí bí ife tí kò ní ìdí, a kàn kì wọ́n bọ inú ẹ́ńjìnnì ni, omi sì yí wọn ká. Tọ́ọ̀pù tí ó tẹ̀ wọ́n lórí ni kò jẹ́ kí wọ́n mira. Ní ìsàlẹ̀ wọn, òrùka tínínrín kan ni kò jẹ́ kí omi ṣàn lọ bá ọ́ìlì. Bí tọ́ọ̀pù bá ti kúrò, tí ènìyàn sì yí ẹ́ńjìnnì, písítìnì tí ń gòkè lè fa sílíìfù sókè díẹ̀. Díẹ̀ náà ti tó. Òrùka ìsàlẹ̀ a yẹ̀, kò sì ní lè dí ọ̀nà omi mọ́.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń mi orí. Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé.

Ìyá àwọn ọmọ béèrè ohun tí wọ́n sọ. Mo ní ọmọ iṣẹ́ ni ó ba nǹkan jẹ́. Ó ń ro àmàlà lọ́wọ́, kò wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn? Tí ó máa ń bá mi gbé àpò?" Kò fi nǹkan kan kún un. Ní òru, mo dìde lẹ́ẹ̀mejì mu omi. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti jókòó sórí ibùsùn. Ó ní, "Bàbá wọn, ó ti tó ogójì ọdún tí a ti ń bá ara wa gbé. Kí ni ẹ ṣe?" Mo sọ fún un.

Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò bá àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù sọ̀rọ̀ nípa èlùbọ́ ọ̀sẹ̀ yìí, kí n má wulẹ̀ máa ronú ìyẹn. Ó ní kí n tètè jí.

Mo tètè jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti ṣáájú mi. Nígbà tí mo dé ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ìyá ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá, ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin tí ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà ni. Mo ti ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìmọ̀ pé òun ni ìyá rẹ̀. Bí ó ti rí mi, ó yí orúnkún rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Bàbá, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá. Ẹ̀yin ni ẹ ni ọkọ̀, bí ẹ bá dárí jì í, wọn yóò gbọ́ tiyín. Èmi nìkan ni mo ń tọ́ ọ, Bàbá."

Mo ti dúró níwájú àwọn òbí ọmọ ilé ìwé, mo ti dúró níwájú àwọn tí ń wá yẹ ilé ìwé wò, ẹsẹ̀ mi kò gbọ̀n rí bí ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní kí obìnrin náà dìde. Kò dìde. Mo wá sọ ọ́ bí ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀: "Ọ̀gá, èmi ni mo yí ẹ́ńjìnnì. Ọmọ yìí bẹ̀ mí pé kí n má yí i, n kò gbọ́. Èmi ni mo sì ní kí ó má sọ fún yín."

Àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n wà nítòsí dákẹ́. Ẹnìkan tí ń fi òòlù lu irin dá ọwọ́ dúró. Ọ̀gá wò mí, ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tún wò mí. Mo ti ń retí pé kí ó bú mi, ìbá sì tọ́ sí mi.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó."

Mo jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní òun náà ní ẹ̀bi tòun. Pé irin tí ó yẹ kí òun fi tẹ sílíìfù mọ́lẹ̀ wà nínú àpótí òun, òun kàn rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó ni. Ó bi ọmọ náà pé, "Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

Ọmọ náà ní, "Bàbá ni wọ́n, sà."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó padà sídìí àkàrà rẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì retí pé kí ó dúpẹ́. Nǹkan bí oṣù méjì ni ó fi ń ta àkàrà fún mi láìbá mi sọ̀rọ̀ ju iye owó lọ.

Wọ́n tún tú tọ́ọ̀pù, wọ́n tú ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n fa písítìnì àti sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, wọ́n fi òrùka tuntun sí ìdí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kí tọ́ọ̀pù tó padà sórí rẹ̀, ọ̀gá fi bọ́ọ̀tì àti àjákù páìpù tẹ sílíìfù mọ́lẹ̀ gírígírí. A ra gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù mìíràn, nítorí èyí tí a bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí iná sì ti rà, kò ṣeé lò mọ́. Ọ́ìlì tuntun lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦23,000, àpò mi ni ó ti jáde, a sì pàdánù ọjà mẹ́ta. Ọ̀gá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí ó fi gbóná dáadáa, ó pa á, ó jẹ́ kí ó tutù, ó sì tún bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù dì kí ó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo rọra sọ fún un pé aṣọ iṣẹ́ ọmọ náà ti gbó, mo sì fún un ní owó tí yóò fi rán tuntun. Ó gbà á. Ó ní òun kò ní sọ ibi tí ó ti wá.

Ọmọ náà gba fírídọ́ọ̀mù ní ọdún 2019. Wọ́n pè mí síbẹ̀, ìyá rẹ̀ ni ó sì gbé oúnjẹ fún mi fúnra rẹ̀. Rúlà irin yẹn ni mo fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbà á, nígbà tí ó sì dìde, ó gbé e dúró lórí tábìlì, ó tẹ orí ba, ó ń wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ti ní ibùdó tirẹ̀ báyìí, òun ni ó sì ń tọ́jú Pijó, nítorí ọ̀gá wa ti dàgbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ síbẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan pé kí ó gbé àga wá fún Bàbá. Ọmọ náà gbé àga dé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní rárá, kí ó gbé e sábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún.